Àdò, Oyin Tí Kì Í Ta: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀sìn Rẹ̀ àti Ọgbọ́n Pípín Ilé Rẹ̀

Bí oyin tí a ó rọ sínú ìgò tà nìkan ni ènìyàn ń lépa, kó má sin àdò. Ilé oyin tó ń ta, èyí tí gbogbo wa mọ̀, lè fún olóyin ní kílò 20 lọ́dún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdò, oyin kékeré tí kì í ta ènìyàn, kò sún mọ́ ọn rárá. Ní Ọsirélíà, ẹni tó bá rí kílò 1 nínú àpótí kan lọ́dún, ó yẹ kó dúpẹ́. Jataí, irú àdò tó kún ìgboro Bràsíìlì, kì í sábà kọjá lítà 1. Uruçu, tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti oyin tó ń ta, tí wọ́n sì ń sìn ní Bahia àti Pernambuco, lè mú lítà 3 tàbí 4 wá lọ́dún tí igi bá tanná dáadáa. Síbẹ̀, ní Bràsíìlì, ní Mẹ́síkò, ní Màléṣíà, ní Ọsirélíà àti ní Gánà, àwọn ènìyàn ń kan àpótí fún àdò. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?

Èrò tèmi ni pé ilé àdò fúnra rẹ̀ ni irè wọn; oyin wulẹ̀ jẹ́ èènì. Ẹni tó lè sọ ilé kan di méjì láìpa ọ̀kan nínú méjèèjì ló ń sin àdò. Ẹni tó mọ oyin fífà nìkan, ọdẹ ṣì ni, bó tilẹ̀ ní àpótí 30 lẹ́yìnkùlé. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí àwọn tó ti ń ṣe é pẹ́ ṣe dé ibi tí wọ́n dé, àti ibi tí wọn kò tíì fẹnu kò sí.

Irú àdò tó wà láyé lé ní 500, gbogbo wọn ní ilẹ̀ tí ooru ti ń mú. Bràsíìlì nìkan ní tó 250. Ti Ọsirélíà kò ju bíi 11 lọ, ti Áfíríkà náà kò pọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ta nígbà ìwáṣẹ̀ ti rá mọ́ wọn nídìí, kò lè gún awọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí gbà pé wọ́n gọ̀. Wọ́n ń fẹnu géni jẹ, wọ́n ń wọ inú irun àti ihò etí, wọ́n ń fi oje igi lẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀. Irú kan wà ní Bràsíìlì tí omi ẹnu rẹ̀ ń jó awọ bí ó bá ti kàn án. Jataí ní tirẹ̀ ní ẹ̀ṣọ́ tí a bí tóbi ju àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 2012. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a máa rá bàbà lójú òfuurufú níwájú ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Inú ihò igi ni púpọ̀ nínú àdò ń gbé. Òmíràn ń gbé inú ògiri, òmíràn inú ilẹ̀ tàbí inú ọ̀gán. Wọn kì í tọ́jú oyin sínú afárá. Ìkòkò roboto ni wọ́n ń fi ìda tí wọ́n pò mọ́ oje igi mọ, ti uruçu a sì máa tó ẹyin ẹyẹlé. Oyin wà nínú àwọn kan, lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà nínú àwọn yòókù. Afárá ọmọ wà láàárín, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, wọ́n á sì ta ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí i ká kí òtútù má baà mú un. Nínú ihò ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ da oúnjẹ tí ìdin yóò jẹ títí yóò fi dàgbà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ayaba á yé ẹyin kan lé e, wọn á sì dí i pa. Ẹnikẹ́ni kò tún ní ṣí i mọ́ títí oyin tuntun yóò fi jáde. Oyin tó ń ta kò rí bẹ́ẹ̀. Òun a máa bọ́ ìdin rẹ̀ lójoojúmọ́. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọgbọ́n pípín dúró lé. Ọmọ àdò ti ní oúnjẹ rẹ̀ lọ́dọ̀, nítorí náà ènìyàn lè gbé afárá ọmọ kúrò nínú ilé kan bọ́ sínú òmíràn, kó má sì kú, bí òtútù kò bá ti pa á.

Àwọn Maya ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, ti mọ èyí kí àwọn ará Sípéènì tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Xunan kab ni wọ́n ń pe àdò tiwọn. Ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ nínú, tí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ni ilé rẹ̀. Wọ́n a tò wọ́n jọ lábẹ́ àtíbàbà kan. Madrid Codex, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ìwé Maya tó bọ́ lọ́wọ́ iná àwọn àlùfáà Sípéènì, ní àwòrán oyin àti òrìṣà oyin nínú. Ṣùgbọ́n ní 2005, Villanueva-Gutiérrez, Roubik àti Colli-Ucán tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: láàárín ọdún 25, ilé àdò tí wọ́n ń sìn ní Quintana Roo níbẹ̀ ti dín ní ìdá 93 nínú 100. A gé igbó, ìjì jà, oyin ilẹ̀ òkèèrè dé, ó sì gba òdòdó mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń pín ìtì kan sí méjì ń lọ, ọmọ kò sì jókòó tì wọ́n kọ́ ọ. Ìtì tí a kò pín, bó pẹ́ bó yá, yóò ṣófo. Tí kò bá sí òmíràn tí a bí láti inú rẹ̀, ìran náà tán nìyẹn.

Bràsíìlì ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò jù lónìí. 1839 ni wọ́n kó oyin tó ń ta dé ibẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣáájú ìgbà náà, oyin àdò ni oyin tí ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia bá nínú igbó. Ní ilé òrìṣà Kétu tó wà níbẹ̀ títí dòní, a ń fi oyin bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ó máa ń ya mí lẹ́nu: òrìṣà ọdẹ gan-an ni wọ́n ní kó má fẹnu kan oyin. Mi ò mọ ọdẹ tí èèwọ̀ náà kò ní dùn.

Ọkùnrin méjì ló gbé ọ̀rọ̀ àdò dé iwájú àwọn onímọ̀ níbẹ̀. Paulo Nogueira-Neto kọ ìwé lórí sísin àdò ní 1953, ó sì tún un kọ ní gbàǹgbà-gbaǹgba ní 1997. Òun náà ló kọ́kọ́ jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, láti 1974 sí 1986. Èkejì ni Warwick Kerr. Ayé mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kó ayaba oyin láti Áfíríkà wá sí Bràsíìlì ní 1956, tí agbo 26 sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún kejì, tí wọ́n bí ìran oyin gbígbóná tó gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Àwọn tó ń fi ìyẹn bú u kì í rántí pé àdò gan-an ni ọkùnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́.

Ìtàn àpótí àdò tún fani mọ́ra jùyẹn lọ, nítorí pé láti Áfíríkà wa níhìn-ín ló ti ṣẹ̀ lápá kan. Ní 1955, Virgílio de Portugal-Araújo tẹ iṣẹ́ kan jáde ní Àǹgólà lórí àpótí tó yẹ kí a fi sin àdò. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Bràsíìlì, tó ń ṣiṣẹ́ ní Manaus. Irú àpótí rẹ̀ ni Fernando Oliveira tún ṣe, tó wá di èyí tí wọ́n ń lò jù ní Amazon. Ìpele-ìpele ni. Ìsàlẹ̀ ni afárá ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè wọ ìpele kejì. Ìpele òkè ni ti ìkòkò oyin. Bí afárá ọmọ bá ti kún ìpele kejì, olóyin á fi ọ̀bẹ yà á nípa, á gbé e ka orí ìdí tuntun, á dá ìpele òfìfo padà sáàárín ti àtijọ́. Ilé ti di méjì nìyẹn, láìfọwọ́ kan ọmọ kan. Ìwé tí Oliveira àti Kerr jọ kọ lórí rẹ̀ ní 2000, ọ̀rọ̀ pípín ilé ló wà nínú àkọlé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyin. Àwọn ará Ọsirélíà náà ṣe tiwọn: àpótí tó là sí méjì ní ìbú, tí olúkúlùkù ìlàjì yóò ní afárá ọmọ tirẹ̀ bí a bá là á, tí a ó sì fi ìlàjì òfìfo bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo àpótí méjèèjì yìí dáadáa yóò rí i pé nítorí pípín ni wọ́n ṣe kàn wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bí àdò ṣe ń pín ara rẹ̀ nínú igbó ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀. Nínú ilé oyin tó ń ta, ayaba àgbà ló máa ń kó agbo jáde. Ayaba àdò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ń yé, ikùn rẹ̀ á wú, kò lè fò mọ́ títí ikú. Nítorí náà ọmọ ló ń jáde, ìyá ń jókòó. Kí ọmọ tó jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ti rí ihò kan, wọ́n á sì máa gbé ìda, oje àti oúnjẹ láti ilé àtijọ́ lọ síbẹ̀. Ìrìn àjò yìí a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé tuntun kì í dá dúró lọ́jọ́ kan. Lára ìyá rẹ̀ ló ti ń jẹ. Olóyin tó ń pín ilé kàn ń ṣe nǹkan yìí kan náà kíákíá ni. Bó bá gbàgbé pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba ìda, oúnjẹ àti òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá, ilé tuntun yóò kú.

Ibo wá ni ayaba tuntun yóò ti wá? Níhìn-ín ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, nítorí pé irú àdò méjì ló wà nínú ọ̀ràn yìí. Kerr ti fi hàn láti 1946, ó sì tún ṣàlàyé rẹ̀ ní 1950, pé ìran Melipona, tí uruçu àti xunan kab wà nínú rẹ̀, kò ní ihò ọmọ ọ̀tọ̀ fún ayaba. Ihò kan náà tí òṣìṣẹ́ ń ti jáde ni ayaba ń ti jáde, wọ́n sì lè tó ìdá 25 nínú 100 nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀. Èyí tó bá pọ̀jù, àwọn òṣìṣẹ́ á pa á. Ẹni tó bá ń sin Melipona kò ní láti wá ayaba: kó ṣáà gbé afárá ọmọ tó gbó mélòó kan, ayaba wà nínú wọn. Jataí àti ọ̀pọ̀ àdò yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò ayaba tiwọn tóbi yàtọ̀, etí afárá ló sì sábà máa ń wà. Ẹni tó bá pín jataí láìrí irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú afárá tó gbé, àpótí òṣìṣẹ́ tí kò ní ọ̀la ló ṣẹ̀dá.

Afárá tó gbó ni mo wí, kì í ṣe tuntun. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, tó sì rọ̀, ẹyin àti ìdin ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ olómi. Ìka kan tó bá tẹ̀ ẹ́, omi á ṣàn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, tó sì le díẹ̀, oyin tó kù díẹ̀ kó jáde ló wà nínú rẹ̀. Òun ni a ń gbé. Omi tó bá ṣàn yóò pe eṣinṣin kékeré kan tó ń sáré tínítíní, tó ń yé sínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti afárá tó ya. Ìdin eṣinṣin yìí lè jẹ ilé kan run láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ọ̀tá tí olóyin Bràsíìlì bẹ̀rù tó o. Ọtí kíkan díẹ̀ nínú ìgò kékeré tí a dá ihò wínníwínní sí lómorí ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté fún un: eṣinṣin á wọlé, oyin kò ní lè wọ̀ ọ́. Ní Ọsirélíà, kòkòrò dúdú kékeré kan ni ti wọn, tó ti Áfíríkà wọ ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí ní 2002. Nítorí náà, ẹni tó bá pín ilé gbọ́dọ̀ fi téèpù lẹ gbogbo ojú ibi tó là pátápátá lọ́jọ́ náà gan-an.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni kí ilé méjì bí ọmọ kan. A gbé afárá ọmọ láti inú ilé àkọ́kọ́, a tún gbé ilé kejì kúrò ní ipò rẹ̀, a sì fi àpótí tuntun sí ibi tó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kejì tó ti jáde lọ wá oúnjẹ yóò padà sí ojú ibi tí wọ́n mọ̀, wọn á sì wọnú àpótí tuntun. Ilé àkọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀, ilé kejì fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kò sí èyí tí a gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀. Ayaba tuntun yóò jáde lọ gùn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, omi ṣúgà díẹ̀ ṣe é fún wọn, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ olóyin má yá jù láti ṣí ìdérí wò.

Fún ilé tó wà nínú ògiri tàbí igi tí a kò fẹ́ gé, àwọn ará Ọsirélíà ní ọ̀nà tó lọ́ra. Wọ́n ń so àpótí òfìfo mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́, kí oyin lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sínú àpótí, ayaba tuntun á sì jókòó síbẹ̀. A yọ àpótí náà kúrò, ilé àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀nà yìí wù mí ju ọ̀bẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníkánjú kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ wá kan iye ilé tó yẹ kí ènìyàn ní kí ìran má baà bàjẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ àjèjì kò bá wọ agbo, ẹyin tó yẹ kó di òṣìṣẹ́ á máa di akọ tí kò wúlò, àwọn òṣìṣẹ́ á sì pa ayaba tó yé e. Kerr àti Vencovsky ṣírò rẹ̀ ní 1982, wọ́n ní ilé tí kò bá tó 44 lágbègbè kan wà nínú ewu. Iye yẹn ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, ó sì mú kí àwọn mìíràn máa ra ilé láti ọ̀nà jíjìn. Ní 2011, Denise Alves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn agbo uruçu kan ní ìpínlẹ̀ São Paulo tó jẹ́ pé ilé méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, agbo náà ṣì wà, ó sì ti pọ̀ sí i. Mi ò rò pé èyí sọ ìṣirò ti 1982 di asán, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn tó ń fún ilé lágbára ló gbé e dúró. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ní ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní ìdí láti sọ̀rètí nù, pàápàá bí igbó bá wà nítòsí tí akọ igbó lè ti fò wá.

Kíkó ilé láti agbègbè kan lọ sí òmíràn ni mo ta kò gbọnyingbọnyin, òfin Bràsíìlì sì ti wá síbi tí mo wà. Ìlànà 346 ti CONAMA, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká, ní 2004, sọ pé ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá tó 50 kò nílò ìwé àṣẹ. Ìlànà 496 ti 2020 tó rọ́pò rẹ̀ sọ pé agbègbè tí irú àdò kan ti wà látìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kí a ti sìn ín. Àdò tí a bá kó lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lè gbé àrùn lọ, ó lè dà pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀, tàbí kí òtútù pa á lásán.

Oyin rẹ̀ ńkọ́, nígbà tó bá wá yọjú? Fífà rẹ̀ kò le. A ṣí ìpele òkè, a lu ìkòkò oyin níhò, a fi sírínjì ńlá tàbí ẹ̀rọ fà á, tàbí a dorí ìpele náà kodò sórí àwo kó máa ro sílẹ̀. Fífún un pẹ̀lú ọwọ́ ni kò dára, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó á dà pọ̀ mọ́ ọn, á sì kan kíákíá. Omi inú oyin yìí pọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín ìdá 25 sí 35 nínú 100. Òfin Bràsíìlì ti 2000 sì sọ pé oyin kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 20 lọ, nítorí pé oyin tó ń ta ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọdún pọ̀ tí oyin àdò tó dára fi jẹ́ ohun tí a kò lè tà ní ṣọ́ọ̀bù nítorí òfin tí a kò kọ fún un. Bahia ṣe ìlànà tirẹ̀ fún oyin Melipona ní 2014. Àwọn kan ń tọ́jú tiwọn sínú fíríìjì, àwọn kan ń gbé e kaná díẹ̀, àwọn kan ń jẹ́ kó ru dé ibi tó fẹ́ ru dé. Èyí tó ru yìí ní adùn kíkan kan tí ẹnu tó mọ oyin ìgò kò retí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Queensland rí i pé irú ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalulose, tí kò wọ́pọ̀ nínú oúnjẹ, wà nínú oyin àdò Ọsirélíà àti Màléṣíà, láti gíráàmù 13 sí 44 nínú 100. Irú ṣúgà yìí kì í tètè gun ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí pè é ní oògùn àtọ̀gbẹ o. Ṣúgà ṣì ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bràsíìlì àti Ọsirélíà. Oyin tó ń ta jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, òun àti àdò jọ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni. Kò sí pé a ń fi ọ̀kan lé èkejì. Àdò wa kò pọ̀ ní irú, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ síra: Dactylurina ń so ilé rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ní gbangba, Hypotrigona kéré débi pé kòkòrò ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ń pè é, Meliponula bocandei sì ní ara àti oyin tó pọ̀ tó láti sìn. Ní Gánà, Peter Kwapong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Coast dá ibùdó ìmọ̀ àdò sílẹ̀ nítòsí igbó Kakum, wọ́n sì gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní 2010. Kò sí ìdí tí ẹni tó wà ní Ondó tàbí Ìjẹ̀bú fi gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ ní São Paulo nígbà tí Cape Coast wà nítòsí.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn apagi ló yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Igi tó ní àdò nínú ń wó lójoojúmọ́, wọ́n ń là á, wọ́n ń fá oyin inú rẹ̀ lá, wọ́n sì ń da afárá ọmọ sílẹ̀ fún ìjàlọ. Ní Ọsirélíà, púpọ̀ nínú ilé àkọ́kọ́ tí àwọn olóyin ní ló wá láti inú irú igi bẹ́ẹ̀. Bí igi bá wó, kí a gé e kọjá òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ilé wà, kí a fi amọ̀ dí ẹnu méjèèjì, kí ẹnu ọ̀nà àdò ṣí sílẹ̀. Kí a gbé e nàró bó ṣe wà kó tó wó, kí òkè má di ìsàlẹ̀, lábẹ́ òrùlé tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní pa á, kí a sì fi ọ́ìlì yí ẹsẹ̀ pèpéle rẹ̀ ká nítorí èèrà. Ọdún kìíní, kí a má fa oyin kankan. Bí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ bá ń wọlé-jáde láìdábọ̀ lẹ́yìn òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, a lè wá so àpótí òfìfo mọ́ ọn lẹ́nu.